Ibi Tí Wọ́n Kọ "Babu" Sí

Ní Òṣogbo tí wọ́n ti bí mi, Sábó ni adúgbò tí àwọn Hausa ń gbé. Ibẹ̀ la ti ń ra súyà, ibẹ̀ la ti ń ra àlùbọ́sà, a ó sì padà sílé wa. Mi ò rò ó rí pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ibì kan wá, pé ìyá wọn ń retí wọn níbòmíràn. Ìgbà tí mo dé Kano, tí wọ́n mú mi lọ sí Sabon Gari, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni àwa àlejò ń gbé, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Èmi náà ti di ará Sábó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣekú pa bàbá àgbàlagbà kan ní Railway Quarters. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, mi ò sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn. Ìlà mélòó kan ni mo kọ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì lọ jẹun.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Òkè Ọya. Sọ́fúwià ni mò ń kọ, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java ni mo fi ń kọ ọ́. Ọdún méjì ni mo fi wáṣẹ́ ní Òṣogbo àti Ìbàdàn, gbogbo wọn ní àwọn á pè mí, Kano nìkan ló pè. Màámi sunkún ní gáréèjì. Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́, pé kì í ṣe òkè òkun ni mò ń lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá ní òkè òkun ni mo wà, mi ò ní bá a jiyàn.

Ètè mi là nítorí ọyẹ́. Eruku wọ inú bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mi débi pé lẹ́tà mẹ́ta ò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà lójú títì, wọ́n á sáré ní kí n dìde, bíi pé mo ṣubú ni. Bí wọ́n bá sì kí mi, mi ò mọ ibi tí ìkíni náà máa parí sí, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè àárẹ̀ ara. Èmi tí ẹnu mi ò dákẹ́ rí nílé, mo wá di ẹni tó ń nawọ́ sí ohun tó fẹ́ rà. Ìyẹn dùn mí ju ooru lọ.

Ẹni tó gbà mí sílé ni Màmá Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni yàrá tí mo gbà wà. Ọ̀fà ni bàbá wọn ti wá, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí Màmá sí, Kano ni wọ́n bí àwọn ọmọ wọn sí. Yorùbá ẹnu wọn dùn, Hausa sì wà nínú rẹ̀ káàkiri. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin a máa gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ fún un, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn, àwa méjèèjì á wá máa wo ara wa.

"Sànnu da zuwa, káàbọ̀, ọmọ mi," ni Màmá sọ lọ́jọ́ tí mo dé. "Má wo ojú eruku yìí. Á mọ́ ẹ lára."

Mo dúpẹ́, mo wọ yàrá, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni Màámi pè.

"Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Màámi."

Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bi ọ́ bóyá kò sí, ìwọ náà á ní kò sí. Ebi lè wà níbẹ̀, ẹkún lè wà níbẹ̀, a ó ní kò sí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sọ kò sí fún Màámi.

Ẹlòmíràn tó tún máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Rélùwéè. Lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá ni wọ́n máa ń jókòó ní gbogbo ọ̀sán. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, àwọn ni wọ́n máa ń jókòó nínú kábìnnì tí wọ́n ti ń fún rélùwéè ní àmì bóyá kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Ìyàwó wọn ti kú, wọn ò bímọ. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Railway Quarters. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, wọ́n sì máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyàwó kọ̀ǹpútà," ni wọ́n á wí bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, "ṣé kò sí?"

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Láti ìgbà náà, kò sí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń dúró de ìgbà tí mo máa dé. Mo máa ń yára rìn láti ibi iṣẹ́ nítorí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Noman's Land ni ọ́fíìsì wa wà, àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Málàm Sàní ni ọ̀gá wa. Ọmọ Kano ni wọ́n, òyìnbó ni èmi pẹ̀lú wọn jọ ń sọ, wọn kì í pariwo. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni sọ́fúwià ilé ìwòsàn aládàáni kan. Bí èsì àyẹ̀wò ẹnì kan bá jáde, sọ́fúwià náà á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ìbátan rẹ̀ pé kí wọ́n mú un wá. Ẹni tí kò bá ní ìbátan, orúkọ rẹ̀ á jáde sórí ìwé kan, nọ́ọ̀sì á mú ìwé náà, á lọ bá a nílé. Ìbátan ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà ni kì í ka ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Bí a bá kọ kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tán, ẹ̀rọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó gbà á. Kọ̀ǹpáílà là ń pè é. Bí àṣìṣe bá wà, kò ní gbà á rárá. Nígbà mìíràn, á gbà á, ṣùgbọ́n á kìlọ̀. Èyí tó lágídí jù nínú àwọn ìkìlọ̀ Java ni èyí tí wọ́n ń pè ní unchecked. Gbogbo wa la mọ ike áísìkirìmù tó máa ń wà nínú fírísà ilé wa, tó jẹ́ pé ata lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpáílà ń sọ nìyẹn: ìwọ lo ní áísìkirìmù ló wà nínú ike yìí, èmi ò ṣí i wò, mo kàn gbà fún ọ ni.

Ìkìlọ̀ mẹ́tàdínlógójì ni mo bá nínú iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, nítorí pé fáìlì àtijọ́ ni wọ́n ti ń kó orúkọ àwọn aláìsàn wá. Mo tún mẹ́rìndínlógójì ṣe. Ẹyọ kan tó kù ò lọ. Bí mo bá tún un ṣe níbí, á jáde lọ́hùn-ún, bí mo bá lé e lọ́hùn-ún, á padà síbí. Orí àkójọ nọ́ńbà fóònù àwọn ìbátan ló wà. Mo ní nọ́ńbà nìkan ló wà nínú àkójọ yìí, kọ̀ǹpáílà ní òun ò rí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jọ jiyàn.

Mo ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Bàbá Rélùwéè gbọ́ ọ délẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

"Ṣé o lè pa á lẹ́nu mọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Ìlà kan wà téèyàn lè kọ sí orí rẹ̀, kò ní kìlọ̀ mọ́."

"Ẹnì kan wà ní kábìnnì wa láyé ọjọ́un," ni wọ́n wí. "Agogo tó ń sọ fún wa pé rélùwéè ń bọ̀ ń dà á láàmú. Ó wá ki àkísà bọ inú agogo."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó sun oorun tó dáa."

A rẹ́rìn-ín, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ìlà náà. SuppressWarnings ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ́ àṣà nínú iṣẹ́ wa pé ẹni tó bá kọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi dá a lójú pé kò séwu. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ni. Mo wo nǹkan bí ogún orúkọ àkọ́kọ́, ó sú mi.

"Kò sí ìkìlọ̀ mọ́?" ni Málàm Sàní bi mí.

"Kò sí, ọ̀gá."

Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, sọ́fúwià náà dúró gbagidi. Mo wo ibi tó ti dúró, mo rí i pé níbi tó yẹ kí nọ́ńbà fóònù ìbátan wà, akọ̀wé ilé ìwòsàn kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: babu.

Mo kà á, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní akọ̀wé yìí fẹ́ kọ bàbá ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì í. Mo wò ó káàkiri, mo rí i lẹ́yìn orúkọ mọ́kànlá. Lójú mi, bàbá ni ìbátan wọn, wọn ò sì gba nọ́ńbà bàbá nítorí pé inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Mo ní ẹni tó ní bàbá nílé, bàbá á bá a lọ béèrè èsì. Kò pẹ́ rárá tí mo fi kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí ó bá ti rí babu, kó fo orúkọ náà kó máa lọ.

Mo ti rò ó títí, kí ló dé tó jẹ́ bàbá ni mo rí. Ó ṣeé ṣe kí etí mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jà ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n Màmá ló máa ń bá mi nájà, ojú mi ò rí i ní kíkọ rí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tó ń wù mí ni mo kà. Ó ń wù mí kí bàbá wà.

Sọ́fúwià bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ padà. Málàm Sàní ní mo káre. Ìyẹn ni ìyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n yìn mí, inú mi dùn, mo pe Màámi láti sọ ọ́ fún wọn. Màámi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn ti di ọ̀gá ní ìlú Hausa. Mo ra ẹja yíyan lọ́jọ́ náà, mo fún Bàbá Rélùwéè ní ìdajì. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ni, ilé ìwòsàn ní àwọn á ránṣẹ́ sí wọn. Mi ò bi wọ́n ilé ìwòsàn wo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, bẹ́ǹṣì ṣófo, ọjọ́ kẹrin nìyẹn. Màmá ní ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, pé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, àwọn á lọ wò wọ́n. Wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ páálí, mo bá wọn fa òwú bọ abẹ́rẹ́. Láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo ní àwọn akọ̀wé Kano yìí ò tiẹ̀ mọ bàbá kọ.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Babu. Wọ́n fi u parí rẹ̀."

Màmá gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Níbi ìbátan."

"Ọmọ mi, babu kì í ṣe bàbá. Hausa ni. Bí nǹkan bá wà, wọ́n á ní akwai. Bí kò bá sí, wọ́n á ní babu. Wọ́n bi onítọ̀hún pé ta ni èèyàn ẹ, ó ní kò sí."

Mo lọ gbé kọ̀ǹpútà mi wá, mo ṣí i lórí páálí bọ́tìnnì Màmá. Orúkọ mọ́kànlá tí mo ní kó fò, àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni ni. Àwọn gan-an ló yẹ kí nọ́ọ̀sì lọ bá nílé, èmi ni mo sì yọ wọ́n kúrò nínú ìwé. Orúkọ kẹrin, Gabriel Àkànní, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ka àdírẹ́sì rẹ̀, mo rí Railway Quarters. Èsì àyẹ̀wò wọn ti jáde láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

"Màmá, kí ni orúkọ Bàbá Rélùwéè?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà wọn.

Mo pe Málàm Sàní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sọ ti irọ́ tí mo kọ sínú kóòdù pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n ka orúkọ mẹ́wàá tó kù fún àwọn, pé àwọn fúnra wọn á pe ilé ìwòsàn, wọn ò sì ní sinmi títí wọn á fi rí gbogbo wọn. "Ìwọ lọ bá èyí tí o mọ̀," ni wọ́n wí.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, èyí tí wọ́n ń pè ní adaidaita níbí. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọn ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Ilẹ̀kùn Bàbá ò tì. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọ́n fi aṣọ wé ẹsẹ̀ òsì, òórùn ẹsẹ̀ náà ti gba yàrá. Ara wọn gbóná. Wọ́n la ojú, wọ́n rí mi.

"Ìyàwó kọ̀ǹpútà," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò jáde dáadáa. "Ṣé kò sí?"

Mo na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n lè dìde.

"Ó wà, Bàbá," ni mo wí. "Nǹkan wà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì obìnrin kan gbé káàdì tuntun jáde. Hausa ló fi ń bi Bàbá ní ìbéèrè, Màmá ń sọ ọ́ fún mi létí. Ó béèrè ọjọ́ orí, ó béèrè ilé. Nígbà tó béèrè èèyàn wọn, mi ò dúró de Màmá, nítorí mo gbọ́ ìdáhùn Bàbá fúnra mi.

"Babu."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni sọ orúkọ ara rẹ̀. Kò sí ìbànújẹ́ nínú rẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára. Nọ́ọ̀sì ti gbé bírò sókè láti kọ ọ́.

"Akwai," ni mo wí.

Nọ́ọ̀sì wò mí. Bàbá náà yíjú sí mi.

"Akwai," ni mo tún wí, nítorí pé ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Mo wá ka nọ́ńbà fóònù mi fún un ní òyìnbó.

Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì. Dókítà ní ká ní Bàbá wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni, ó ṣeé ṣe kí oògùn nìkan tó. Kò mọ̀ pé ẹni tó fà á ló ń sọ ọ́ fún. Nínú àwọn mẹ́wàá yòókù, wọ́n rí gbogbo wọn láàyè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìka méjì yẹn ò ní hù padà.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo sọ fún Bàbá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣàlàyé babu àti bàbá, mo ṣàlàyé orúkọ mọ́kànlá, mo ní èmi ni. Wọ́n ń wo òrùlé.

"Ṣé o ti yọ àkísà náà?"

"Mo ti yọ ọ́, Bàbá."

"Ó dáa."

Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí, èmi náà ò ní kí wọ́n sọ ọ́. Mo bá wọn bó ọsàn kan, wọ́n jẹ ẹ́.

Mo ti yọ ọ́ lóòótọ́. Mo pa ìlà náà rẹ́, ìkìlọ̀ padà wá, mo sì jẹ́ kó wà níwájú mi. Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: mo ní kí kóòdù mú ohun tó wà nínú àkójọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá jẹ́ nọ́ńbà kó wọ àkójọ tuntun, èyí tí kì í bá ṣe nọ́ńbà, kó gbé orúkọ ẹni náà sókè lórí ìwé nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ìkìlọ̀ náà lọ fúnra rẹ̀. Málàm Sàní jókòó tì mí, wọ́n ka gbogbo ìlà rẹ̀, wọ́n sì ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́ ní ọ́fíìsì yìí láìjẹ́ pé ẹni méjì ti wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màámi pè.

"Ṣé kò sí?"

"Ó wà, Màámi," ni mo wí, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ti Bàbá, mo sọ ti ẹkún ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sọ pé búrẹ́dì nìkan ni mo máa ń jẹ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nítorí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ béèrè oúnjẹ.

"Eékún mi," ni Màámi wí. "Láti ìgbà tí o ti lọ ni. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́."

Oṣù mẹ́jọ ni àwa méjèèjì fi ń pa ara wa lẹ́nu mọ́. Mo ti ní kí ọmọ àǹtí mi máa mú wọn lọ sílé ìwòsàn, mo sì máa ń béèrè eékún náà kí n tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Mi ò mọ̀ bóyá Kano ti di ilé mi. Ètè mi ṣì ń là, Hausa mi ò tíì kọjá ìkíni. Ṣùgbọ́n Bàbá ti padà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, mo sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ẹsẹ̀ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. Sọ́fúwià tí èmi fúnra mi kọ ló ránṣẹ́ sí mi, Yorùbá tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ síbẹ̀ ló fi kọ ọ́: èsì àyẹ̀wò ti jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èèyàn yín wá. Mo ṣí fáìlì Gabriel Àkànní láti rí i pé kò ṣìnà. Nọ́ńbà mi ló wà níbi ìbátan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí aláìsàn jẹ́ sí onínọ́ńbà, akọ̀wé ti kọ ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà mẹ́rin.

Mo wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. A ni, kì í ṣe u.